Gbogbo Bí Mo Ṣe Múra De Ìjì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọ̀rọ̀ mi tí ẹ máa ń rẹ́rìn-ín, ẹ fara balẹ̀ fún mi díẹ̀. Mo fẹ́ ròyìn bí mo ṣe múra ilé sílẹ̀ de ìjì ọdún yìí, tí gbogbo àdúgbò ń sọ pé kò sẹ́ni tó múra tó mi. Òótọ́ sì ni. Kò sí.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín níbì kan. Ẹ rín in. Èmi náà rín in.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé rọ́bà ni mo ń tà ní Ìyànà-Ìbà: bọ́kẹ́ẹ̀tì, bàsíà, kẹ́ẹ̀gì, korobá tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ, ohunkóhun tó bá ti lè gba omi dúró. Okokomáíkò ni mo ń gbé, lápá inú lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti ń rọ̀ lọ sí àbàtà. Ilé gbọọrọ kan ni, yàrá mẹ́jọ lábẹ́ òrùlé kan. Àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ọkọ, èmi àti ìyá mi nìkan là ń gbé yàrá keje.

Rọpárọsẹ̀ mú apá òsì ìyá mi lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ni mo bá lọ gbé wọn wá láti Ìsẹ́yìn. Wọn kò lè rìn. Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn bá ti kan ilẹ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn fúnra wọn, wọ́n á fi ìdí wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á jókòó síbẹ̀ máa bú ewúrẹ́ àdúgbò. Ewúrẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Alágbèrè. Wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí rédíò wá ń pariwo pé òjò ọdún yìí á bá ìjì líle wá, pé kí oníkálukú tún ilé ẹ̀ ṣe, mi ò ro ti ara mi rárá. Ìyá mi ni mo rò. Tí omi bá wọlé bá wọn ńkọ́? Tí páànù bá ṣí lórí wọn tí èmi sì wà lọ́jà ńkọ́? Ẹni tí kò lè sáré, ṣé ó yẹ kí ìjì bá a láìròtẹ́lẹ̀?

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í múra.

Gọ́tà iwájú ilé ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ohun tí mo kó jáde níbẹ̀, ẹ má bi mí. Bàtà ẹlẹ́sẹ̀ kan mẹ́rin, orí bèbí oyìnbó kan, àti ìkòkò kan tó ṣì dára tí mo fọ̀ tí mo sì ń lò di òní. (Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ìkòkò gidi ni.) Mo kó ìwé ilé ìwòsàn ìyá mi àti fọ́tò bàbá mi, mo fi ọ̀rá wé wọn, mo dé wọn mọ́ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí. Mo ra tọ́ọ̀ṣì. Mo pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà, torí iná ò ní sí, omi ẹ̀rọ náà ò sì ní sí.

Ó wá kan ibùsùn. Lọ́dún tó kọjá, àgbàrá wọlé títí ó fi mu ẹsẹ̀ ibùsùn dé ìdajì. Mo ní lọ́dún yìí, láéláé. Mo to búlọ́ọ̀kù méjì méjì léra wọn sábẹ́ ẹsẹ̀ ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Ibùsùn ga, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú fèrèsé. Ìyá mi wo ilẹ̀ láti òkè.

"Ràmọ́tà, ṣé o fẹ́ fi mí joyè ni?"

Mo ní Kábíyèsí, ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn nínú wa, pé kò kan ilẹ̀ mọ́.

Ó kù sí ilẹ̀kùn. Lọ́dún tó kọjá náà, nígbà tí òjò ń rọ̀ tí gbogbo èèyàn sá wọlé, ọkùnrin kan ti ilẹ̀kùn yàrá wa, ó wọlé, ó gbé rédíò lórí tábìlì, ó wá yíjú sí ìyá mi, ó ní, "Màmá, ẹ kú òjò o," ó sì jáde. Ẹ rí olè tó ní ẹ̀kọ́! Ìyá mi ní àwọn ti dá a lóhùn kí àwọn tó mọ̀ pé olè ni. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí wẹ́dà bá mi ṣe ilẹ̀kùn onírin, kó fi irin sójú fèrèsé náà. Mo ra àgádágodo kan tó tóbi bí ìkúùkù. Láàárọ̀, tí mo bá ti fún wọn lóúnjẹ, tí mo gbé omi àti póò sí ẹ̀gbẹ́ wọn, màá tì í látìta, màá sọ kọ́kọ́rọ́ sínú pọ́ọ̀sì, ó di ọjà. Ọkàn mi balẹ̀. Ta ló fẹ́ wọlé?

Òrùlé ni mo ṣe kẹ́yìn. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti tẹ́tí sí mi dáadáa.

Nílé wa, òfin kan wà tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀: ẹni tó ń gbé abẹ́ páànù ló ń tún un ṣe. Lánlọ́ọ̀dù ń gbé Ìjánikin, ó mọ ọ̀nà ilé wa tó bá fẹ́ gba owó ilé, tí òrùlé bá ti jò ọ̀nà á dí mọ́ ọn lójú. Torí náà, òrùlé kan ṣoṣo, ó dà bí aṣọ tí ìdílé mẹ́jọ ń lẹ̀. Ẹni tó rọ́wọ́ ṣe kan tiẹ̀ ní ìṣó tuntun. Ẹni tí kò rọ́wọ́ ṣe gbé òkúta lé e.

Ìyá Hùnsù ló ń gbé yàrá kẹjọ, èyí tó wà ní ìparí, tó kọjú sí àbàtà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá. Ègùn ni, ẹgbẹ́ mi sì ni, ẹja ló ń yan tà lẹ́yìnkùlé. Ẹja yẹn ló dá ìjà sílẹ̀. Èéfín ẹ̀ ń wọ inú rọ́bà tí mo kó pamọ́, àwọn oníbàárà mi á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí imú, wọ́n á bi mí bóyá mo ti fi ṣe ọbẹ̀ kí n tó gbé e wá. Mo sọ̀rọ̀, ó fèsì, mo tún fèsì sí èsì ẹ̀. Oṣù méjì, a ò kí ara wa.

Ìyá mi ò bá wa dá sí i o. Ojoojúmọ́ ni òun àti Ìyá Hùnsù ń tàkúrọ̀sọ lójú fèrèsé. Ọ̀tá mi, ọ̀rẹ́ ìyá mi. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé nílé wa.

Ìsíákà káfíńtà gun òrùlé láti kan tèmi. Ìṣó onífìlà ni mo rà, ojúlówó, mo ní kó kàn án mọ́lẹ̀ gbagidi. Ó kàn án tán, ó na ọrùn wo apá Ìyá Hùnsù, ó ké sí mi láti òkè.

"Ìyá Kúdí, páànù ẹ̀gbẹ́ yín yìí ti tú o. Igi ẹ̀ gan-an ti ń jẹrà. Ẹ jẹ́ n bá wọn fi ìṣó bíi mẹ́wàá sí i."

"Ìsíákà, orí tèmi ni mo ní kóo wá fá. Má fá ti aládùúgbò mọ́ ọn."

"Ìjì ò mọ yàrá keje yàtọ̀ sí yàrá kẹjọ o, mà."

Mo ní kó máa sọ̀ kalẹ̀. Ìṣó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi o, kí n má parọ́. Ó kún inú agolo mílíìkì. Mo gbé e sábẹ́ ibùsùn.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Hùnsù náà múra lọ́nà tiẹ̀. Ó ju táyà àlòkù méjì àti búlọ́ọ̀kù mélòó kan sórí páànù ẹ̀. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo kàn sọ fún afẹ́fẹ́ pé, "Táyà ti dé, ó ku mọ́tò."

Òun náà ò bá mi sọ̀rọ̀. Ó kọjú sí ẹja tó ń yàn. "Ẹja, ṣé o gbọ́? Ẹni tó ń ta korobá ló ń fi táyà ṣẹ̀sín."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú yàrá títí wọ́n fi wúkọ́.

Ìjì yẹn dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Mo wà lọ́jà. Ojú ọ̀run lápá Navy Town dúdú bí ìdí ìkòkò, afẹ́fẹ́ sì gbé ọjà mi lọ kí n tó dìde. Ẹ ò rí bàsíà pupa tó ń yí gbirigbiri sọdá títì, tí ọlọ́kadà ń yẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yẹ ọlọ́pàá! Ìyá onígàrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ké pe Jésù, èmi ń ké pe bàsíà mi.

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ta rọ́bà, ẹ lè má mọ̀: ọjọ́ òjò àkọ́kọ́ ni ọdún tiwa. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹni tí òrùlé ẹ̀ ń jò máa ń rántí pé ó ń jò. Wọ́n ń sáré bọ̀ nínú òjò, aṣọ lé orí, bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń béèrè. Obìnrin kan láti Ìbà ra mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Mo bi í bóyá ilé ló ń gbé àbí asẹ́. Mo ń bú wọn, mo ń tà fún wọn. Mo ní wọn ò gbọ́ rédíò ni? Mo ní kí wọ́n wá wo ilé mi.

Fóònù mi dún. Mo wò ó: Ìyá Hùnsù. Lẹ́yìn oṣù méjì! Mo ní hẹn, ó ti jókòó sábẹ́ ibi tó ń jò, ó rántí ìṣó tí Ìsíákà fẹ́ kàn fún un tí mo ní kó má kàn, ó fẹ́ wá bá mi jà lórí fóònù. Mi ò gbé e. Ó tún dún. Mo gbé e sókè fi han ìyá onígàrí, mo ní ẹ wo ọ̀tá mi. A rẹ́rìn-ín. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi í sínú báàgì, mo fa tápólì bo báàgì, mo ń bá ọjà mi lọ.

Ó tó wákàtí kan kí òjò tó dáwọ́ dúró díẹ̀ tí mo wọ kẹ̀kẹ́.

Lójú ọ̀nà, igi ti wó, bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì kan ti dojú bolẹ̀. Mo rí páànù kan tó rọ̀ mọ́ wáyà iná bí aṣọ tí wọ́n sá. Mo sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé àwọn wọ̀nyí ò lo ìṣó onífìlà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Nígbà tí a súnmọ́ ọn, mo rí ìṣó náà lára páànù yẹn. Tuntun ni gbogbo wọn. Fìlà wà lórí wọn.

Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa sáré.

Afẹ́fẹ́ gba apá Ìyá Hùnsù wọlé gẹ́gẹ́ bí Ìsíákà ti wí. Ó gbé táyà àti búlọ́ọ̀kù dà sẹ́yìnkùlé, ó ká páànù yàrá kẹjọ sókè bí ẹni ká ẹní, kò dúró, ó ká tèmi mọ́ ọn. Ìṣó mi ò yọ o. Kí n jẹ́rìí Ìsíákà, ọ̀kan kò yọ. Páànù, ìṣó àti igi tí wọ́n kàn án mọ́, wọ́n jọ lọ ni. Yàrá mẹ́fà tó kù, tí ìpẹtà ti jẹ páànù wọn tán, dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń wò.

Ìyá Hùnsù wà níta lójú fèrèsé wa. Ó gun búlọ́ọ̀kù kan, ó ti apá rẹ̀ méjèèjì bọ àárín irin, ó di etí tápólì kan mú sókè nínú yàrá wa. Omi ń ṣàn lára ẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ mi.

"Ṣí i," ló wí.

Mo mú kọ́kọ́rọ́. Ìgbà kan ṣoṣo ni mo tì í bọ ojú ihò tó fi ṣí. Mo rántí pé mo ní nínú ara mi pé àgádágodo yìí dára.

Ìyá mi wà lórí ibùsùn gíga yẹn lábẹ́ ojú ọ̀run. Sílìn ti wó sílẹ̀ yí wọn ká. Tápólì tí Ìyá Hùnsù fi ń bo ẹja ló tì bọ ojú fèrèsé, ìyá mi sì ti fi ọwọ́ ọ̀tún fa ibi tí ọwọ́ wọn tó dé bo ara. Kò bo ẹsẹ̀. Ilẹ̀ yàrá gbẹ ju orí ibùsùn lọ, ẹ gbà mí gbọ́. Gọ́tà tí mo kó ṣiṣẹ́ ẹ̀. Àgbàrá ò wọlé rárá.

Mo gbé wọn sọ̀ kalẹ̀. Eyín wọn ń gbá ara, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Òórùn ẹja yíyan ń jáde lára wọn látòkè délẹ̀.

Àwọn ará ilé sọ fún mi lẹ́yìn náà pé àwọn gbìyànjú láti já ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọmọ odó gbá a, wọ́n fi irin tì í. Wẹ́dà náà ṣe iṣẹ́ ẹ̀ dáadáa. Gbogbo ẹni tí mo bẹ̀ níṣẹ́ lọ́dún yìí ló ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa.

A gbé ìyá mi lọ sí yàrá kìn-ín-ní, a pààrọ̀ aṣọ wọn, a fún wọn ní ẹ̀kọ gbígbóná. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹrin a gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí dání, ìwé wọn wà nínú ẹ̀, kò tutù, kò ya. Nọ́ọ̀sì ní òun ò tíì rí ẹni tó tọ́jú ìwé báyìí rí. Mo ní ẹ ṣeun.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n kú.

A sin wọ́n lọ́jọ́ náà, bí ẹ̀sìn ti wí. Àwọn èèyàn wá. Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, mo ní àmúwá Ọlọ́run ni. Wọ́n ní ìyá mi ti dàgbà, mo ní wọ́n ti dàgbà. Mo bu omi fún wọn nínú kọ́ọ̀bù tuntun. Àwọn obìnrin kan ń wo ojú mi, wọ́n ń dúró de omi ẹkún. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún wọn. Ara mi kàn dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé fún ìgbà pípẹ́: o mọ̀ pé tìẹ ni, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, wàá kàn máa wò ó ni.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí àwọn èèyàn ti lọ, Ìyá Hùnsù wá jókòó tì mí. Kò mú ọ̀rọ̀ ìjà wá. Kò sọ̀rọ̀ ìṣó. Èmi ni mo bi í. Mo ní fún odidi wákàtí kan tó fi wà lójú fèrèsé yẹn, kí ni ìyá mi sọ?

Ó ní wọ́n ń pe Lá ìláhà ni, wọ́n ń bú òjò. Ó ní ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n dákẹ́.

"Nígbà tí afẹ́fẹ́ kọ́kọ́ dé, tí páànù ò tíì ṣí, mo ní kí n pè ọ́ kóo mú kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Màmá ní n ò gbọ́dọ̀ pè ọ́. Wọ́n ní òjò tí bọ́kẹ́ẹ̀tì ń tà nìyí, kí n jẹ́ kí ọmọ àwọn tajà. Ìgbà tí páànù ti lọ ni mo tó pè ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ìyá Hùnsù ń wò mí, ó ń retí kí ẹ̀rín yẹn di nǹkan mìíràn. Kò di nǹkan kan. Ó kàn tán ni.

Mo wá sọ fún un pé, "Mo rí ìpè ẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Mo mọ̀," ló wí.

Ó dìde, ó gbá ẹ̀yìnkùlé, ó lọ yan ẹja ẹ̀.

A ti kan òrùlé o, kí ẹ má bi mí. Gbogbo yàrá mẹ́jọ pa owó pọ̀, a ní kí Ìsíákà pààrọ̀ igi láti ìparí dé ìparí. Ẹnikẹ́ni ò tún gbọ́dọ̀ sọ pé páànù tèmi, páànù tìẹ. Mo ní kí wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ kejì, ó wà lọ́wọ́ Ìyá Hùnsù báyìí. Kò sẹ́ni tí à ń tì mọ́lé mọ́, ṣùgbọ́n ó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Tí ẹ bá ń múra de ìjì, ẹ kó gọ́tà, ẹ ra tọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé nǹkan kúrò nílẹ̀, gbogbo ẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ jókòó síbi tí ẹni tí kò lè dìde ń jókòó sí, kí ẹ wá bi ara yín léèrè: láti ibí yìí, báwo ni màá ṣe jáde? Kí ẹ tún òrùlé aládùúgbò yín wò, kódà tí ẹ bá ń bá ara yín jà. Tó bá sì pè yín nígbà òjò, ẹ gbé e. Tó bá jẹ́ ìjà ló fẹ́ bá yín jà, ẹ jẹ́ kó jà.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ìjì ti ṣe lọ́dọ̀ yín, báwo lẹ ṣe múra dè é? Ẹ sọ tiyín sísàlẹ̀ ibí, màá kà á, bó bá tiẹ̀ gùn. Ẹ má kí mi kú ìrọ́jú mọ́, ẹ ti ṣe é tó. Ẹ kàn sọ fún mi, nílé tiyín: ta ló wà nínú ilé báyìí, ta sì ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀?